Ọwọ́ Tó Ṣẹ́kù sí Èjìká Dókítà

Ẹni tó bá sọ pé fọ́tò kì í purọ́, kò tíì jókòó ti àwọn tó ń to magasíìnì rí ni. Kó wá wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń bu ikùn olówó kù, tí wọ́n ń yọ kòtò ojú títì kúrò lẹ́yìn olóṣèlú bí ẹni ń ṣa èèrà nínú ṣúgà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn èèyàn á wò ó, wọ́n á ní ó dára, ó parí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí pa èèyàn lára, inú ẹ̀ sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Atòwé ni gbogbo wọn ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ni ilé iṣẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti fáànù kan tó ń kérora bí ẹni tí eyín ń dùn, àti fèrèsé tí wọ́n fi páálí dí kí oòrùn má baà máa tàn sójú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti magasíìnì ilé ìwé, ti ilé ìjọsìn, ti ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi. Wọ́n á tò ó tán, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹni tó ń kàwé á rò pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu akọ̀ròyìn ló ṣe ń balẹ̀ sórí bébà. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ló jókòó tó ń bá ọ̀rọ̀ fa wàhálà pé kó sún síwájú, kó sún sẹ́yìn, kó má fi ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ lókè ojú ewé bí ọmọ tí òbí ẹ̀ gbàgbé sílé ìwé. Fọ́tò ńlá ló tún le jù. Bí fọ́tò bá gba ojú ewé méjì, tí ẹni tó ń tò ó ò bá ṣọ́ra, ojú ẹnì kan á bọ́ sí àárín ibi tí ìwé ti ká sí méjì, irin tí wọ́n fi ń di ìwé á sì gún un nímú. Atòwé kì í gbà kí èyí ṣẹlẹ̀. Ó ní èèyàn ò lè wẹ̀, kó yarun, kó wọ aṣọ tó dára, kó lọ ya fọ́tò, kí òun tí òun jókòó sábẹ́ fáànù wá fi irin gún un nímú.

Ọ̀gá wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń kí wọn láàárọ̀, ó ń béèrè ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù oníbàárà máa ń bà á ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gun àtẹ̀gùn wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

"Atòwé, ayọ̀ rèé o! Ilé ìwòsàn Dókítà fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Magasíìnì tó ń dán ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun."

Gbogbo nǹkan tí magasíìnì náà nílò ló wà nílẹ̀, àfi ohun kan. Akọ̀wé Dókítà ní àwọn fẹ́ fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilé ìwòsàn náà, kí àwọn fi í sí àárín ìwé gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ti wá gbogbo inú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ò rí i.

Atòwé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ ibi tí fọ́tò náà wà. Ara ògiri pálọ̀ ilé tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà ló wà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ló tọ́ ọ. Màámi ló ń pè é. Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí ilé ìwòsàn kankan tó wà ní agbègbè yẹn, ọwọ́ obìnrin yìí ni ọ̀pọ̀ aboyún ń bí sí. Nígbà tí Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tó ń ru báàgì oògùn káàkiri, tí kò síbi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí, Ìyá Agbẹ̀bí ló kó àga pálọ̀ ẹ̀ síta, tó ní kó wọlé wá fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò gba ìwé àdéhùn, kò pe ẹlẹ́rìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń kọ oògùn, òun ń gbẹ̀bí, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ya fọ́tò yẹn níwájú ilé. Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì fún wọn dúró lápá ọ̀tún, ó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà. Dókítà wà láàárín nínú ẹ̀wù funfun tuntun, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì na sísàlẹ̀ bí ọmọ tó ń to ìlà nílé ìwé. Ìyá Agbẹ̀bí wà lápá òsì. Ó ti na ọwọ́ kọjá lẹ́yìn Dókítà, ó fi di èjìká ẹ̀ kejì mú bí ìyá ṣe ń di ọmọ tó fẹ́ sá lọ mú.

Káfíńtà ti kú. Dókítà kọ́ ilé alájà, ó kó lọ síbẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí bá a lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa kí àwọn tó ń wọlé. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní kó kúkú máa sinmi nílé. Wọ́n ní kò níwèé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí wo? Àwọn ọmọ tó fi ọwọ́ ẹ̀ gbà sáyé ti ń bí ọmọ tiwọn!

Nígbà tí Atòwé dé ilé tó ní wọ́n ń wá fọ́tò yẹn, ìyá náà dìde lórí àga láìdi nǹkan kan mú.

"Dókítà ló ní kí wọ́n wá a?"

"Akọ̀wé wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, Màámi. Àárín ìwé ni wọ́n fẹ́ fi í sí."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó fi etí ìró nu gíláàsì fọ́tò náà, ó nù ún títí. "Ó rántí mi nìyẹn. Mo ti ń sọ fún wọn pé kì í ṣe ọmọ burúkú. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn ẹ̀."

"Màá dá a padà fún yín bó ṣe wà."

"Kó o dá a padà o. Òun nìkan ni mo ní."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ dirun. Atòwé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò ní tún fọ́tò ẹ̀ yà, pé ojú àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n máa tẹ̀. Ìyá ní kó gbẹ́nu ẹ̀ sọ́hùn-ún, ṣé tí àwọn èèyàn bá rí ìwé tán, wọn ò ní fẹ́ wá wo ẹni tó wà nínú ẹ̀ ni? Ó ti sọ fún ará iwájú, ó ti sọ fún ará ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó gba iwájú ilé yẹn kọjá lọ́sẹ̀ náà tí kò gbọ́ nípa magasíìnì.

Atòwé fi gbogbo ọkàn ṣe ojú ewé méjì yẹn. Ó da fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, ó yọ eruku ojú ẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ibi tó ti sán lórúnkún Káfíńtà. Ó fẹ̀ ẹ́ kárí ojú ewé méjèèjì, ó sì ṣe é kí ibi tí ìwé ti ká bọ́ sí àlàfo tó wà láàárín Dókítà àti Káfíńtà, kí irin má kan ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ pé: Ìyá Agbẹ̀bí tó yọ̀ǹda pálọ̀ ẹ̀, Dókítà, àti Káfíńtà. Ó sún mọ́ ọn wò, ó sún sẹ́yìn wò ó. Orí ẹ̀ wú.

Ọjọ́ tí Dókítà máa wá wo iṣẹ́, Ọ̀gá nu àga kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé nínú yàrá náà. Dókítà jókòó, akọ̀wé ẹ̀ dúró tì í. Ó ti sanra, irun ẹ̀ ti funfun, ohùn ẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Atòwé ń ṣí ojú ewé fún un, òun náà ń mi orí. Ó dára. Èyí náà dára. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ilé wa ni, sà." Atòwé rò pé inú ọkùnrin náà dùn ni. "Ẹ wo bí ẹ ṣe tín-ín-rín tó nígbà yẹn, sà."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú. "Fọ́tò yẹn dára gan-an. Ẹ ṣáà bá mi yọ apá ibí yìí kúrò." Ó fi ìka tọ́ka sí Ìyá Agbẹ̀bí láìfọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà.

Atòwé rò pé fáànù ni kò jẹ́ kóun gbọ́ dáadáa. "Apá wo, sà?"

"Obìnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kó ku èmi àti Káfíńtà."

"Ṣùgbọ́n òun ló ni pálọ̀ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, sà."

"Mo mọ̀."

"Òun náà ló ni fọ́tò yìí."

"Mo ní mo mọ̀, ọmọ mi." Ohùn ẹ̀ ò yí padà. "Gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ yẹn ló fẹ́ bá wa kọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ tuntun. Èèyàn ńlá ni wọ́n. Ṣé kí wọ́n wá ṣí ìwé, kí wọ́n rí i pé pálọ̀ agbẹ̀bí kan tí kò kàwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ṣé ibẹ̀ kọ́ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni, sà?"

Ọ̀gá wúkọ́. Akọ̀wé wo òkè àjà. Dókítà dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀, ó kọjú sí Ọ̀gá, ó ní òun mọ̀ pé wọ́n á ṣe é bó ṣe yẹ. Ọ̀gá ní, "Ó ti tán, sà. Ẹ kà á sí pé ó ti tán."

Ẹ bá mi rò ó wò. Wọ́n yá fọ́tò lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n fẹ́ lé obìnrin jáde nínú fọ́tò ọ̀hún. Olè tó jí aṣọ ẹni gan-an, kì í wọ̀ ọ́ wá kí ni lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọn ò sọ ohun tí a máa pe ẹni a ṣe lóore tó tún ní kí wọ́n pa ojú ẹni rẹ́. Bóyá wọn ò rí irú ẹ̀ rí ni.

Bí Dókítà ṣe sọ̀kalẹ̀ tán, Atòwé gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.

"Ọ̀gá, mi ò lè ṣe é."

"O ò lè ṣe é bí i ti báwo? Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ní ṣe é ni. Ìyá mi ni."

"Ìyá ẹ ni nílé," Ọ̀gá ní. "Níbí, fọ́tò ni. Atòwé, a kì í ṣe adájọ́. Ìwé là ń tò. Ẹni tó gbéṣẹ́ wá ló mọ ẹni tó fẹ́ rí nínú ẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ìyá tiyín ni wọ́n ní kí n yọ ńkọ́, sà?"

"Ìyá tèmi ò sí nínú fọ́tò."

Ọ̀gá gba fọ́tò Màámi lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó ní ó dìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Ó wá pe Kíákíá.

Kíákíá ni ẹnì kejì Atòwé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Orúkọ ẹ̀ ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Á ti parí iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣàlàyé ẹ̀ tán, wọ́n á sì ti máa tún un ṣe kí ó tó jẹun ọ̀sán. Ọmọ dáadáa ni, ó lọ́yàyà, ṣùgbọ́n a kì í fi ìwà pẹ̀lẹ́ to ojú ewé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa kọ̀ǹpútà ìtòwé. Bí fọ́tò bá tóbi, ẹ̀rọ máa ń lọ́ra, nítorí náà á fi àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tó ṣú bàìbàì, rọ́pò ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ lè yá. Ojúlówó fọ́tò wà lẹ́yìn, òun ló máa jáde nílé ìtẹ̀wé. Kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́, ó yẹ kí ẹni tó ń tò ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó gbé ojúlówó jáde, kó fi ojú ara ẹ̀ rí i. Kíákíá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyẹn ń fàkókò ṣòfò.

Ó da ògiri bo Ìyá Agbẹ̀bí. Ó ń bu ògiri ẹ̀gbẹ́, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: ó bo ojú ẹ̀, ó bo gèlè, ó bo ìró, ó bo bàtà, títí ibi tí ìyá dúró sí fi di ògiri lásán. Ó pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ lábẹ́ fọ́tò. Atòwé yíjú sí fèrèsé tí wọ́n fi páálí dí, kò wo ibẹ̀ rárá. Inú ń bí i débi pé etí ẹ̀ ń hó. Ó ní òun á sọ fún Màámi lálẹ́ ọjọ́ náà, kò rí i sọ. Ó ní ó dọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ìyá bi í pé ìgbà wo ni ìwé máa dé, ó ní kò ní pẹ́. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú ẹ̀ fún ẹni tó ti lọ dirun?

Ìwé dé. Awakọ̀ ilé ìtẹ̀wé ló ń ru ìdì rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá. Nígbà tó ń dúró kí Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀, ó yọ ẹ̀dà kan, ó ṣí i láàárín, ó ń wò ó. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ta ló ni ọwọ́ yìí?"

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó wà léjìká Dókítà."

Gbogbo wọn rọ́ lọ síbẹ̀. Lóòótọ́, ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Lórí èjìká ẹ̀wù funfun yẹn, ìka mẹ́rin dì í mú ṣinṣin, àtàǹpàkò fara pamọ́ sẹ́yìn. Lójú kọ̀ǹpútà tó ṣú bàìbàì, Kíákíá ti rò pé ẹ̀wù ló ṣẹ́po níbẹ̀. Lórí bébà tó ń dán, ọwọ́ ni, ó hàn ju imú Dókítà lọ.

"Ti Káfíńtà ni," Kíákíá ní.

"Káfíńtà ká tiẹ̀ sáyà," awakọ̀ dáhùn.

"Ti Dókítà fúnra wọn ni nígbà yẹn."

"Dókítà na tiẹ̀ sísàlẹ̀."

Wọ́n ka ọwọ́, wọ́n tún un kà. Èèyàn méjì, ọwọ́ márùn-ún. Awakọ̀ ní kí wọ́n má bínú, òun ò sùn dáadáa, ó sáré sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí iwin lé. Atòwé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú ẹ̀, ìgbà tí omi ojú sì dà tán, ẹ̀rín ti lọ, inú fùfù ló kù. Ó mú ẹ̀dà kan sínú báàgì ẹ̀ láìtọrọ, ó gba ilé lọ.

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rí báàgì, ó ti na ọwọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká wọlé ná."

"Gbé e wá, jàre. Ṣé ìwọ lo fẹ́ fi ìwé mi pa mí ni?"

Ó ṣí i láàárín. Ó fi awò sójú. Ó wo Dókítà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo Káfíńtà, ó ní, "Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ." Ó wá wo apá òsì, ó wò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu bébà bí ẹni pé eruku ló bo nǹkan.

"Èmi dà?"

Atòwé kúnlẹ̀ ti àga, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un: ohun tí Dókítà wí, ohun tí Ọ̀gá wí, àti bí Kíákíá ṣe da ògiri bò ó. Kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ìka ìyá ń rìn lórí fọ́tò náà títí ó fi dé èjìká Dókítà, ó dúró síbẹ̀. Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ tó wà nínú ìwé wọ́, ó tẹ̀ sínú. Ìyá na ọwọ́ tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìka kan náà ni. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ tí Káfíńtà kàn ló bọ́ lù ú nígbà tí òun àti Dókítà ń gbé e wọlé.

"Ọwọ́ mi nìyí," ó ní.

"Wọn ò rí i ni, Màámi. Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀."

"Mo mọ̀." Ó pa ìwé náà dé. "Bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń fẹ́. Ojú mi ni wọn ò fẹ́ rí."

Kò sunkún. Ì bá tiẹ̀ sàn kó sunkún. Ó kàn tú gèlè orí ẹ̀, ó ká a sílẹ̀ lórí itan, irun tó lọ dì sì wà lórí, ó ń dán, kò síbi tó fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí Atòwé bá òun gba fọ́tò òun padà. Kò béèrè nǹkan mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà ti dé ilé iṣẹ́ ṣáájú Atòwé. Ohùn ẹ̀ ò tutù mọ́. Magasíìnì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń fi í lu tábìlì.

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fáwọn àlejò? Pé òkú ló ń dì mí mú?"

Ọ̀gá ń bẹ̀bẹ̀. Kíákíá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, òógùn bò ó. Ó ti ń gbìyànjú láti yọ ọwọ́ náà láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di èèyàn mú kì í ṣe ògiri. Bó bá yọ ìka, ẹ̀wù á jin sínú, èjìká Dókítà á wọlẹ̀ bí ẹni tó já láti orí igi. Bó bá tún un ṣe, á wú sókè bí ẹni tó ru àpò. Ilé ìtẹ̀wé ti ní àwọn lè tún ojú ewé àárín nìkan tẹ̀ bó bá dé ọwọ́ àwọn kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù nìyí: ọkùnrin náà ò bínú pé wọ́n pa èèyàn rẹ́. Ohun tó ń bí i nínú ni pé wọn ò pa á rẹ́ tán.

"Àǹtí ti dé!" Kíákíá fò dìde lórí àga bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní àhámọ́. "Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é."

Ọ̀gá sún mọ́ ọn, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Atòwé, mo bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Ìyẹn ti kọjá ná. Ṣé o rí i pé obìnrin yẹn ti kúrò níbẹ̀? Ìka mẹ́rin péré ló kù. Ìka mẹ́rin ò tó ohun tó yẹ kó ba iṣẹ́ ẹ jẹ́."

Atòwé jókòó. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó mú máòsì, ó fẹ èjìká náà títí ọwọ́ fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ obìnrin, èékánná tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ nítorí ọmọ tuntun, ọmọńdinrín tó wọ́. Dókítà náà rí i. Kò sí bí kò ṣe ní dá ọwọ́ yẹn mọ̀, òun náà ló di orí kejì bẹ́ẹ̀dì mú lọ́jọ́ tó bọ́.

"Ṣé ẹ rántí ìka yìí, sà?"

Dókítà rọra gbé magasíìnì ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀.

Atòwé fi máòsì sílẹ̀, ó yí àga padà. "Mi ò ní yọ ọ́. Ẹni tó gbé ọwọ́ yìí síbẹ̀ ṣì wà láàyè, ilé ẹ̀ ò sì jìnnà, ẹ̀yin gan-an ti gbé níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kúrò léjìká yín, ẹ lọ bá a, kẹ́ ẹ ní kó wá gbé ọwọ́ ẹ̀."

"Atòwé!" Ọ̀gá pariwo. "Bó o bá fi lè dìde lórí àga yẹn, má wulẹ̀ padà wá jókòó síbẹ̀ mọ́."

Ó dìde. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń jẹun, ó sì fẹ́ràn ẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú fọ́tò ìyá ẹ̀, ó fi ìborùn wé e.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Dókítà tó sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó dà bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ru báàgì oògùn kiri.

"Mi ò lè lọ síbẹ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?"

"Èyí tó wà nínú ìwé yẹn náà ni, sà," Atòwé ní. "Tiẹ̀ lẹ pa rẹ́. Tiyín ṣì wà níbẹ̀."

Ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó gbọ́ tí Ọ̀gá ń sọ fún Kíákíá pé kó jókòó, kó tún gbìyànjú ẹ̀ wò.